Ẹ̀dà Tí Ó Dúró Sí Oṣù Kẹta

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Àdúgbò Bankoe,
                                                            Ho, Ghana.
                                                            Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2015.

Àǹtí Mọ́rẹ́nikẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí ẹ ṣì ń fọwọ́ di ògiri gun àtẹ̀gùn kíláàsì? Bàbá Tómíwá ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́? Mo gbọ́ pé òjò pọ̀ ní Ìsẹ́yìn lọ́dún yìí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má ti ba òrùlé yín jẹ́. Àwa náà wà níbí. Ara Selorm ọkọ mi ti le dáadáa. Elikem ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, Sedinam sì ti ga jù mí lọ, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni mò ń kúrú.

Lẹ́tà yín mẹ́ta ló wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò fèsì sí ìkankan. Ẹ ti lè máa rò pé inú ń bí mi nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìyá Àgbà, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ojú ló ń tì mí. Ẹ ní kí n kọ̀wé nípa iṣẹ́ mi kí ẹ lè kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì yín. Mo jókòó tì í lẹ́ẹ̀mejì, mi ò mọ ohun tí mo lè kọ tí kò ní jẹ́ irọ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá nìkan kà á.

Ẹ mọ ilé iṣẹ́ wa, àwa tí à ń lọ láti abúlé dé abúlé gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀: orin wọn, ìtàn ìdílé wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Gbogbo rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà àgbà kan tó ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní Unix, èmi ni mo sì ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Nítorí pé díìsìkì lè kú nígbàkúùgbà, iṣẹ́ mi ni kí n rí i pé ẹ̀dà ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tó wà ní òdìkejì ìlú. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í da fáìlì kọ nígbà tí nǹkan ṣì ń wọlé sínú rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó máa jáde á dà bíi fọ́tò ọmọ tó kọ̀ tí kò dúró jẹ́ẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ ya àwòrán díìsìkì bó ṣe rí ní ìṣẹ́jú kan náà. A ó da àwòrán yẹn kọ ránṣẹ́ sí ọ̀hún, tí a bá parí, a ó pa àwòrán náà rẹ́. Ọ̀la a tún ya òmíràn. Èmi ni mo kọ àwọn àṣẹ tó ń ṣe gbogbo èyí fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ibi iṣẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, mo yí bí àwọn àwòrán náà ṣe ń jẹ́ orúkọ padà, kí ọdún àti oṣù lè ṣáájú, kí wọ́n lè tò dáadáa. Nǹkan kékeré ni. Mo yí i níbi tí a ti ń ya àwòrán, mo gbàgbé láti yí i níbi tí a ti ń pa á rẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, àṣẹ tó yẹ kó pa á rẹ́ ń wá orúkọ àtijọ́ kiri, kò rí nǹkan kan, ó sì ń kọjá lọ láì sọ̀rọ̀. Àwòrán kan ń kún àwọn tó kù lójoojúmọ́. Mi ò mọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi láràárọ̀ pé òun kò lè ya àwòrán mọ́, pé kò sí àyè lórí díìsìkì. Mo wo díìsìkì, ìdajì rẹ̀ ló ṣófo. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Ohun kan náà ló sọ lọ́jọ́ kejì. Mo wá wo ìròyìn tó máa ń jáde tí ìdàkọ bá tán, ó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ yìí kàn ń ṣàròyé ni, bó ti darúgbó tó. Selorm wà ní ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, fóònù mi kò sì yéé dún. Mi ò fi ṣe àwáwí. Mo ní kí fóònù máa da gbogbo ìkìlọ̀ ẹ̀rọ yẹn sí ibi tí ojú mi kò ní tó, pé tí mo bá ráyè, mà á yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ráyè ní oṣù kẹrin. Mo ráyè ní oṣù karùn-ún. Mi ò padà síbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin yẹn gan-an, Dókítà Dzigbordi, ọ̀gá wa, bi mí níbi ìpàdé pé, "Ìbídùn, ẹ̀dà wa ńkọ́?" Mo ní, "Ó ń lọ déédéé, Dókítà." Wọ́n fi àmì sí ìwé wọn, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Oṣù karùn-ún ni Delali, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún wa, lọ sí abúlé Vume lọ́dọ̀ amọ̀kòkò kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, Mama Dzandu. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìyá náà fi sọ̀rọ̀: bí a ṣe ń fi ahọ́n tọ́ amọ̀ wò kí a tó gbẹ́ ẹ, irú igi tí a fi ń sun ìkòkò, àti àwọn orin tí àwọn obìnrin máa ń kọ tí iná bá ti mú. Èmi náà lọ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn nítorí ìwé ìfọwọ́sí. Èmi ni mo ka ìwé náà sí wọn létí, pé a ó tọ́jú ohùn wọn, pé kò ní sọnù. Ìyá náà ní, "Ṣé ẹ̀rọ yín kì í gbàgbé ni?" Mo ní kì í gbàgbé. Wọ́n ní, "Ó sàn ju àwọn ọmọ mi lọ nìyẹn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi àtàǹpàkò tẹ ìwé. Ní ìparí oṣù keje, Mama Dzandu kú. Àkọ́bí wọn obìnrin, Daavi Akpene (Daavi ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbí), pè wá lórí fóònù pé ìsìnkú di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, pé àwọn fẹ́ kí ohùn ìyá àwọn dún ní àgbàlá lọ́jọ́ náà. Mo ní kò sí wàhálà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ, iná lọ láago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ mọ̀ pé iná kì í dúró níbí lọ́dún yìí. Efo Agbeko (Efo ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin) tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ wa ti lọ ra epo, nítorí epo ti ń tán nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ó tó dé, iná ti padà wá pẹ̀lú agbára ńlá, ó tún lọ, ó tún wá. Díìsìkì ṣe bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò sì gbéra mọ́.

Àǹtí mi, ẹ̀rù kò bà mí. Èyí gan-an ló ń dùn mí jù. Gbogbo ilé ń sáré kiri, èmi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ẹ̀dà wà. Mo jókòó, mo jẹ òkèlè akple mi. Lọ́jọ́ kejì mo fi díìsìkì tuntun sínú ẹ̀rọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀dà padà sínú rẹ̀. Delali ló kọ́kọ́ rí i. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi ìka tọ ojú kọ̀ǹpútà.

"Daavi, kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi parí sí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta?"

"Kò ì parí. Ó ṣì ń bọ̀."

"Ó ti dúró, Daavi. Ẹ wò ó. Ó ti dúró."

Mo ní kó lọ mu omi. Nígbà tó jáde, mo ṣí ìkìlọ̀ tí mo ti dà sápá kan láti oṣù márùn-ún. Ó lé ní àádọ́jọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Ní Ọjọ́rú, mo gbé ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀, mo fi Unix kan náà sínú rẹ̀, mo sì jẹ́ kó ṣe ohun tí àwọn àṣẹ mi ń ṣe, léraléra, bí ẹni pé ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Mò ń kà á. Ó ya ìkíní, ó ya ìkejì, ó ń lọ. Nígbà tó ya ogún tán, ó kọ̀. Ó ní kò sí àyè lórí díìsìkì, bẹ́ẹ̀ díìsìkì náà ṣófo. Ogún àwòrán péré ni irú díìsìkì yẹn lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tó sì máa ń sọ nìyẹn tó bá ti pé. Mo ti kà á rí nínú ìwé, ọdún ti pẹ́. Tí kò bá wá sí àwòrán tuntun, àwọn àṣẹ mi kì í dúró. Wọ́n á kàn mú èyí tó kẹ́yìn nílẹ̀, wọ́n á dà á kọ, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Oṣù márùn-ún ni a fi ń da ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta kọ lójoojúmọ́.

Mo mọ gbogbo èyí kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná ní Ọjọ́rú. Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo sì lọ sílé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, Dókítà fún Efo Agbeko ní kúẹ̀rì. Wọ́n ní tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ó bá tan jẹnẹrétọ̀ lásìkò, a ò ní pàdánù iṣẹ́ oṣù márùn-ún. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fún un. Mo ń wo ilẹ̀. A fi díìsìkì ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Accra tó mọ̀ nípa rẹ̀, ó ní ojú rẹ̀ ti ya, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Mò ń sọ fún ara mi pé iná ló kúkú pa díìsìkì lóòótọ́, mi ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Irú ọ̀rọ̀ tí mò ń bá ara mi sọ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn, nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Efo Agbeko wọ ọ́fíìsì mi. Ọkùnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, ó bọ́ fìlà, ó jókòó sí etí àga.

"Àbúrò, wọ́n ní kí n fèsì lórí ìwé. Gẹ̀ẹ́sì mi kò gbé irú èyí. Bá mi kọ ọ́."

Mo ní kí ni kí n kọ.

"Kọ ọ́ pé mo jẹ̀bi. Kọ ọ́ pé kí wọ́n fojú àánú wò mí. Oṣù mẹ́rin ló kù kí n fẹ̀yìn tì, mi ò fẹ́ ìjà."

"Efo, ṣé ẹ rò pé ẹ jẹ̀bi ni?"

"Èmi ò mọ inú ẹ̀rọ yẹn. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Tí o bá ní mo jẹ̀bi, mo jẹ̀bi nìyẹn."

Àǹtí mi, mo mú bírò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ ọjọ́, mo kọ ọ́ pé òun Agbeko kò sí lẹ́nu iṣẹ́ òun nígbà tí iná lọ. Mo kọ ìlà mẹ́ta tí ó dán mọ́rán. Ó ń mi orí, ó ń ní, "O ṣeun. Ọlọ́run á bù kún ọ àti àwọn ọmọ rẹ." Ibi tó ti dárúkọ àwọn ọmọ mi ni ọwọ́ mi ti kọ̀. Mo gbé bírò sílẹ̀.

"Efo, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni. Ká ní iná ò lọ lọ́jọ́ yẹn, ìgbà yòówù tí díìsìkì yẹn bá kú, ohun kan náà ni à bá bá."

Mo ṣàlàyé fún un láti orí àwòrán dé orí ìkìlọ̀ tí mo dà nù. Kò dá mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́rú."

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fún mi ní lẹ́tà yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Efo."

Ó mú ìwé tí mo ti kọ ìlà mẹ́ta sí kúrò lórí tábìlì mi. Ó ká a, ó fi í sí àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó dé fìlà, ó jáde. Kò pariwo, kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ìbá sàn.

Mo lọ bá Dókítà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi títí dé òpin, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Nígbà tí mo bi ọ́ ní oṣù kẹrin, ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò?" Mo ní rárá. Ní ọ̀sán yẹn wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n gba kúẹ̀rì padà lọ́wọ́ Efo Agbeko, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ayé. Wọ́n wá ní kí èmi náà dìde kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni Dókítà sọ pé, "Ìwọ ni o máa lọ sọ fún àwọn ará Vume. Mi ò ní bá ọ lọ."

Àwọn káàdì kékeré inú ẹ̀rọ ìgbohùn, a máa ń pa wọ́n rẹ́ kí a tún lò wọ́n ni. Delali tú gbogbo àpò rẹ̀, ó sì rí ẹyọ kan tí kò tíì lò padà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, èyí tó fi dán ẹ̀rọ wò láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ kí Mama Dzandu tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Òun ni mo gbé lọ sí Vume.

Mo bá Daavi Akpene lábẹ́ ìbòòji lẹ́yìn ilé, ó ń fi òkúta dán ìkòkò kan. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, kò gbójú sókè.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá mi fi sọ̀rọ̀. Ọ̀fun ń dùn wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lo gbé wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Daavi."

"Orin ibi ìsun ìkòkò ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

Ó gbé òkúta sílẹ̀. "Èmi ò mọ̀ ọ́n tán. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, mo fẹ́ ní kí wọ́n kọ́ mi ní èyí tó kù. Mo wá rò ó pé kí n má yọ wọ́n lẹ́nu, ó ti wà lọ́dọ̀ yín."

Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ èyí tí mo gbé wá. Nínú rẹ̀, Mama Dzandu ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí amọ̀. Wọ́n ń bi Delali bóyá ó ti níyàwó, tí kò bá tíì ní, kí ló ń dúró dè. Wọ́n wá ké sí Akpene pé ṣé ó fẹ́ kí oòrùn la gbogbo ìkòkò yẹn ni, kó lọ dáṣọ bò ó. Daavi Akpene dáhùn nínú rẹ̀ pé, "Mò ń bọ̀, Mama, ẹ má pariwo." Nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ tó kún fún amọ̀ bo ojú.

"Fi í sílẹ̀ níbí," ó ní. "Má wá síbi ìsìnkú."

Mi ò lọ. Delali lọ. Ó ní wọ́n gbé e sí gbangba, gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹkún sọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, Daavi Akpene àti àwọn ìyá arúgbó méjì gbà kí Delali padà wá, kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n rántí. Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n kó àwọn orin kan jọ pé, àwọn mìíràn kù díẹ̀ káàtó.

Ní ti iṣẹ́, mo ti tún àwọn àṣẹ náà kọ. Tí àwòrán kò bá ṣeé yà, gbogbo rẹ̀ á dúró, ìkìlọ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ mi àti Delali àti Dókítà fúnra wọn. Wọn kò lé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì kan láti inú ẹ̀dà, níwájú ẹlòmíràn, kí ẹni náà sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe é. Efo Agbeko ní òun ni òun máa ṣe é.

Kò tíì kí mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ó máa ń wọlé láago méjì, ó á fa àga súnmọ́ mi, ó á ní, "Ti ọjọ́ wo nìyí?" Mà á sọ ọjọ́ fún un. Ó á ní, "Ṣí i kí n fetí mi gbọ́." Bó ti wù kó gùn tó, ó máa ń gbọ́ ọ dé òpin. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ohùn Daavi Akpene ló jáde. Orin ibi ìsun ìkòkò ló ń kọ. Ó kọ ọ́ dé ibì kan, ó dúró, ó ní òun ò mọ èyí tó kàn, ó sì dákẹ́. Efo Agbeko dúró títí fáìlì náà fi tán, ó wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ó sì fọwọ́ síwèé.

"Ó pé," ó ní. Ó dá àga padà sí àyè rẹ̀, ó sì jáde.

Ẹ bá mi kí Bàbá Tómíwá àti gbogbo àwọn ọmọ. Ẹ kí Màmá Ìsàlẹ̀-Ọjà, ẹ sọ fún wọn pé oògùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Selorm ṣiṣẹ́. Sedinam ní kí n kí yín, pé òun á wá lo ìsinmi Kérésì lọ́dọ̀ yín tí ẹ bá fẹ́. Ẹ fèsì sí mi nígbà tí ẹ bá ti kà á tán, ẹ má wá ọ̀rọ̀ dídùn kiri fún mi.

Èmi àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Ìbídùn.